Ìwé-Ẹ̀rí Ikú Odò

Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Pátápátá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la oyè rẹ̀ kọjá, oyè náà sì gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Omi, fún Ilẹ̀, àti fún Gbogbo Ohun Tó Bá Wà Láàárín Àwọn Méjèèjì: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún kọ ọ́ yí ife tó fi ń mu tíì ká lẹ́ẹ̀mẹta, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kà á tán á máa yí ife náà títí tíì á fi dà sí i lára. Àwọn òṣìṣẹ́ tó níṣẹ́ ṣe gé oyè náà kúrú, Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe ló ń pè é tán.

Akọ̀wé rẹ̀ wà lára àwọn tó ń pè é tán. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, wọ́n gbà á síṣẹ́ kó lè máa kọ̀wé, àmọ́ láti ọdún mẹ́fà tí Ọ̀gá ti gorí àga, àtẹ́wọ́ ló ń pa. Òfin wà fún un. Bí Ọ̀gá bá ní "mo," kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ní "èmi," kí wọ́n pa á lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá wá ní "èmi fúnra mi," kí gbogbo ilé dìde dúró. Ẹ má rò pé mò ń fi iyọ̀ sí i o. Ìwé òfin náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fi agboòrùn kọ́, Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó sì tún tẹ àtàǹpàkò lé e.

Òfin mìíràn tún wà: ìwé tó bá ju ojú kan lọ kò gbọ́dọ̀ dé iwájú Ọ̀gá. Ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kì í gùn, ó sì fi wákàtí méjì àbọ̀ ṣàlàyé bí kì í ṣe é gùn. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìwé bá ti ní ojú kejì, Akọ̀wé á fa ojú kejì náà ya, á jù ú sínú agbọ̀n.

Ìlú wọn, ìlú gbígbẹ ni. Òjò a máa rọ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kì í sì í sábà wù ú. Lẹ́yìn ìlú ni odò kan wà, tó fẹ̀ tó títì mẹ́ta, tó kún fún yanrìn funfun láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Kò sí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún tó rí omi nínú rẹ̀ rí. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Pátápátá yọjú lójú fèrèsé, ó rí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì jà lé lórí, inú rẹ̀ wá dùn bí ẹni rí ohun tó sọ nù he.

"Odò yìí ti kú," ló wí.

"Ó ti kú pátápátá, sà," ni Akọ̀wé wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ yẹn. Ẹ ò mọ ìjọba. Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ ìwé-ẹ̀rí ikú fún odò náà, wọ́n sì kọ ọ́. Ọjọ́ ikú: ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ohun tó pa olóògbé: ọjọ́ ogbó. Ẹni tó jẹ́rìí sí i: èmi fúnra mi. Gbogbo ilé dìde dúró. Wọ́n fi gíláàsì bo ìwé náà, wọ́n gbé e kọ́ ẹnu géètì, wọ́n sì yí orúkọ odò padà sí Pápá Ọ̀gá. Kò pẹ́ tí ogójì ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde nínú yanrìn náà fún àwọn òṣìṣẹ́. Láàárín wọn gan-an, níbi tí yanrìn ti rọ̀ jù, ni wọ́n kọ́ ọ́fíìsì tuntun fún Ọ̀gá, pẹ̀lú òpó méjìlá. Ọ̀gá fẹ́ràn ibẹ̀ gidigidi. Ó ní ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ láìbá òun jiyàn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Òfin àtijọ́ kan wà tí Ọ̀gá kò rí fà ya: ènìyàn kò gbọ́dọ̀ gbé ibi tí omi ti gbà kọjá láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé ìwádìí yanrìn ló sì gbọ́dọ̀ kọ iye ọdún náà sórí fọ́ọ̀mù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe já lé Oníyanrìn lórí nìyẹn.

Oníyanrìn ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe obìnrin yìí, ẹni ọdún méjìlélógójì tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Iná pupa kékeré kan ló ń tàn níbẹ̀, tí ènìyàn fi ń wọlé tìṣọ́ratìṣọ́ra kó má lọ fi orúnkún gbá tábìlì. Ibẹ̀ ló ti ń bi yanrìn léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà á sì gbà pé iṣẹ́ tó le ni, nítorí yanrìn kì í dáhùn bí ènìyàn bá pariwo mọ́ ọn.

Nínú ìlú yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni Oníyanrìn ní tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n yìí fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tó fi aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ rán àbúrò rẹ̀ níwèé. Títí di báyìí, aṣọ ló ṣì ń rán, ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ọ̀gá. Yàrá kan ni òun, ọmọ mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìránṣọ jọ ń gbé, òrùlé rẹ̀ sì ń jò nígbàkigbà tí òjò bá rántí ìlú. Nígbà tí wọ́n wá pín ilé, wọ́n fún un ní ilé keje.

"Yàrá mẹ́ta!" ló ń wí bó ṣe ń wọlé àbúrò rẹ̀, kò tilẹ̀ kí i. "Fèrèsé mẹ́jọ! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú odò ni wọ́n kọ́ ọ sí."

"Odò wo? Èyí tó ti kú? Mo rí ìwé-ẹ̀rí ikú ẹ̀. Wọ́n fi gíláàsì bò ó."

"Odò ilẹ̀ gbígbẹ kì í kú bẹ́ẹ̀. Ó lè sùn fún ogójì ọdún kó tó jí. Òjò ò tiẹ̀ ní láti rọ̀ níbí. Tó bá ti lè rọ̀ lórí òkè lọ́hùn-ún, omi á kàn bá yín nínú oòrùn níbi tẹ́ ẹ ti ń sá aṣọ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Yanrìn ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa òṣé. "Ó yé mi. Ìwọ lo máa ń bá yanrìn sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí èmi náà sun oorun tí kò ní sí abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi."

Oníyanrìn fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ó fẹ́ sọ pé ẹyọ yanrìn tí omi gbé wá, tí yanrìn mìíràn bò mọ́lẹ̀, dà bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò: nínú òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ ń kán sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbé e dé yàrá òkùnkùn láìjẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án, ẹ̀rọ á wọn ohun tó wà nínú ìkòkò náà, a ó sì mọ ìgbà tí omi gbé e débẹ̀. Àmọ́ bí oòrùn bá lè rí i báyìí pẹ́nrẹ́n, ìkòkò ti dà nù. Yanrìn ti gbàgbé gbogbo ọdún rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Gbogbo èyí ló fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wọn aṣọ fèrèsé. Ẹ̀rù ba Oníyanrìn gan-an. Ọmọ mẹ́ta ló máa sùn sínú odò yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ gbẹ́ kòtò kan tó jìn dé àyà rẹ̀. Kò jẹ́ tuntun sí i, síbẹ̀ nígbà tó rí ara kòtò náà, ó dúró wò ó. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn nìyí lókè. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tó ti sán nìyí lábẹ́ rẹ̀. Yanrìn tún nìyí, ẹrẹ̀ tún nìyí, yanrìn tún nìyí nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni odò náà ti wá, tó lọ, tó tún padà. Ó fi òòlù gbá páìpù irin wọ inú ìpele kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ dúdú, ó dí ẹnu wọn, ó fi ọ̀rá dúdú wé wọn bí ọmọ tuntun, ó sì gbé wọn lọ sínú yàrá rẹ̀.

Kò tíì nu ọwọ́ rẹ̀ tán tí ẹnì kan fi lọ sọ fún Ọ̀gá.

"Yanrìn ìjọba!" ni Ọ̀gá kígbe. "Láìsí àga! Láìsí akọ̀ròyìn! Láìsí èmi!"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ayẹyẹ gbígba yanrìn ṣe wáyé lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn, ní aago mọ́kànlá àárọ̀, nínú oòrùn tó lè dín ẹyin lórí òkúta. Wọ́n ta àtíbàbà. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ẹnu mọ́tò Ọ̀gá dé etí kòtò, wọ́n sì tún tẹ́ ẹ wọ inú kòtò lọ, nítorí Ọ̀gá kì í tẹ ilẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ sí. Ó dé fìlà líle tí àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé máa ń dé. Wọ́n ti kọ oyè rẹ̀ sí i, àmọ́ fìlà tán kí oyè tó tán, ni wọ́n bá kọ ìyókù sórí ti Akọ̀wé. Tí àwọn méjèèjì ò bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ènìyàn ò lè mọ ẹni tí Ọ̀gá jẹ́ délẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ìlú!" ló bẹ̀rẹ̀. "Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n rò pé yanrìn kò ju yanrìn lọ. Àṣìṣe ńlá! Kí ni òkè? Yanrìn tí kò gba ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kí ni ilé? Yanrìn tó gbọ́ràn ni. Kí sì ni aṣáájú? Aṣáájú ni ẹni tí yanrìn rí, tí yanrìn sì mọ̀ pé ẹni tí òun ń wá ti dé!"

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Kò sí "mo" níbẹ̀, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Akọ̀wé di páìpù mú, Ọ̀gá gbé òòlù. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó bá páìpù. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó bá àtàǹpàkò Akọ̀wé. "Mo gbà á dáadáa!" ni Ọ̀gá wí, Akọ̀wé sì fi ọwọ́ tó ti ń wú yẹn pàtẹ́wọ́ tomijétomijé. Nígbà tí páìpù wọlé tán, wọ́n fà á jáde, Ọ̀gá bá gbé e sókè fún àwọn oníkámẹ́rà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnu rẹ̀.

"Sà!" Oníyanrìn ló pariwo létí kòtò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣí i! Ìmọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn án!"

"A kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ Ọ̀gá lẹ́nu," ni Akọ̀wé wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí kámẹ́rà bá wà nítòsí. "Ó ní ìmọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn án! Kí ni yanrìn ní tó fẹ́ fi pamọ́ fún ìjọba? Ìjọba tiwa yìí, ìjọba ìmọ́lẹ̀ ni!"

Ó da yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́. Ó nà án sí oòrùn. Ó ní oòrùn ò tó, kí àwọn oníkámẹ́rà tan iná tiwọn náà sí i. Ó gbé e yípo fún àwọn akọ̀ròyìn, oníkálukú fi ìka bù ú wò. Akọ̀wé gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ń rùn bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó kó o padà sínú páìpù, pẹ̀lú bọ́tìnì kan tó já lára aṣọ ẹnì kan. Oníyanrìn fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Kò fẹ́ kí wọ́n rí i bí inú ṣe ń bí i tó.

Bí ó bá mọ níbẹ̀ yẹn, Ọ̀gá Pátápátá ì bá wà lórí àga rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó rí i pé àwọn akọ̀ròyìn ṣì ń kọ̀wé, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!" ló ké. "Yanrìn ọwọ́ mi yìí nìkan ni yanrìn ìjọba. Yanrìn mìíràn tó bá wà níbikíbi, àhesọ ni. Iye ọdún tó bá ti inú rẹ̀ jáde, òfin ni. Kò sẹ́ni tó lè yí i padà, títí kan èmi fúnra mi!"

Gbogbo wọn dìde dúró. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó tẹ àtàǹpàkò sára páìpù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe Oníyanrìn sí ọ́fíìsì.

"Ẹgbẹ̀rún," ló wí, kò gbójú sókè. "Lọ kọ ọ́."

"Ẹ̀rọ ló máa sọ iye rẹ̀, sà."

"Kí ẹ̀rọ ẹ sọ ẹgbẹ̀rún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí ìwọ àtòun jọ lọ máa ka yanrìn létí títì." Ó wá gbé ojú sókè, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ilé keje, àbí? Ilé tó dáa. Fèrèsé mẹ́jọ."

Oníyanrìn jáde, ó padà sí yàrá rẹ̀. Bó bá kọ ẹgbẹ̀rún, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kó sínú odò, òun gan-an ló sì fi kálàmù tì wọ́n wọ̀ ọ́. Bó bá kọ iye tó rí nínú páìpù tirẹ̀, wọ́n á ní àhesọ ni, wọ́n á lé e, wọ́n á gbé ẹlòmíràn síbẹ̀ tó máa kọ ẹgbẹ̀rún. Ó jókòó sábẹ́ iná pupa fún ìgbà pípẹ́. Níkẹyìn, ó ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú yanrìn Ọ̀gá, ó yọ bọ́tìnì kúrò, ó fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ ní: kò tó ọdún kan.

Ó tún un ṣe. Kò tó ọdún kan. Ẹ̀rín ṣẹ̀ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá ó ń fi orí gbá tábìlì. Yanrìn kò purọ́. Ó ti gbàgbé gbogbo ọdún rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ọjọ́bọ̀ yẹn nìkan ló rántí.

Ó wá kọ fọ́ọ̀mù. Ní ojú kìíní: yanrìn ìjọba, àtàǹpàkò Ọ̀gá wà lára páìpù rẹ̀, kò tó ọdún kan. Ní ojú kejì, ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe lo yanrìn náà rárá, ó sì kọ ohun tó rí nínú àwọn páìpù tirẹ̀. Ó fi píìnì mẹ́ta so ojú méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ ohun tí wọ́n máa ń fi ojú kejì ṣe ní ọ́fíìsì yẹn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló ṣòfin agbọ̀n.

Ọ̀gá ní kí wọ́n má ṣí àpòòwé náà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fún àwọn èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ ilé, kí ayé lè jọ gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé nọ́ńbà kan wà láyé tó lè ṣàìgbọràn sí òun. Ọjọ́ pé. Mínísítà fúnra rẹ̀ wá, ìyá àgbà kan tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó gbé e sípò, tó sì tún máa ń mú pẹ́ńsùlù rìn. Ogójì ìdílé jókòó síwájú. Ẹ̀gbọ́n Oníyanrìn wà lára wọn, ó wọ aṣọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì rán, àwọn píìnì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn aṣọ. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí bí òun ṣe kẹ́dùn ikú odò náà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Akọ̀wé.

Akọ̀wé ya àpòòwé. Ó rí i pé ojú ìwé pé méjì, ó fa èkejì ya sí mẹ́rin, ó jù ú sínú agbọ̀n tó ń gbé kiri. Ó tún ohùn ṣe.

"Ìwádìí yanrìn ìjọba. Iye ọdún tí omi ti gba ibí yìí kọjá kẹ́yìn..." Ó dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Kò tó ọdún kan."

Mínísítà na ọrùn wo ìwé náà.

"Ẹ tún un kà," ni Mínísítà wí.

"Kò tó ọdún kan, mà. Àtàǹpàkò Ọ̀gá wà níbẹ̀."

Ọ̀gá Pátápátá dìde. Bó bá jẹ́ èmi tàbí ìwọ ni, a ó ti máa wá ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí apá méjèèjì.

"Mo dúpẹ́!" Àtẹ́wọ́ kan. "Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn aláìmọ̀kan lẹ́nu!" Àtẹ́wọ́ kan. "Ọdún tí ẹ̀yin ń kà, ọdún lásán ni. Ọdún ìjọba nìyí! Ọdún ìjọba kan, ẹgbẹ̀rún ọdún yín ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ̀wé béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa rí, ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni fẹ́ já ọwọ́. Láti ọdún mẹ́fà, àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tó dénú. Mínísítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mú pẹ́ńsùlù.

"Ó dáa. Ọdún mélòó lẹ ti lò nípò yìí?"

"Mẹ́fà, mà."

"Ọdún tiwa, àbí ti ìjọba?"

"Ti ìjọba ni, mà!"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà nìyẹn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni òfin fún òṣìṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ti fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, àti ọdún márùnlélọ́gọ́ta pẹ́ jù lórí àga. A ò mọ bí a ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Òógùn bo Ọ̀gá. "Àṣìṣe ni! Ojú kejì ìwé yẹn ńkọ́? Ojú kejì gbọ́dọ̀ wà!"

"Ó wà nínú agbọ̀n, sà," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fà á ya."

Mínísítà ní kí wọ́n kó o jáde. Ẹ̀gbọ́n Oníyanrìn ló sún mọ́ ọn jù. Ó tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí itan, ó yọ píìnì lọ́rùn aṣọ, ó tò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń rán àpò, ó sì kà á bó ṣe ń tò ó. Oníyanrìn rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó gbé ìwé náà fún Mínísítà láìwo àbúrò rẹ̀, Mínísítà sì kà á sókè. Ìwé náà ní wọ́n ti ṣí yanrìn ìjọba sínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ pa gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ rẹ́, kò wúlò mọ́. Ìpele òkè nínú àwọn páìpù tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn jẹ́ ọdún méjìdínlógójì. Ti àárín jẹ́ ọgọ́rin. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rìndínláàádóje. Odò yìí máa ń padà wá ní nǹkan bí ogójì ọdún síra. Ó ti tó àsìkò tó ń bọ̀.

"Ta ló ṣí i sínú oòrùn?" ni Mínísítà bi.

Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ní láti ṣe kò ju kó dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń wò ó, ayẹyẹ náà sì dùn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

"Èmi fúnra mi ni!" ló wí.

Gbogbo ìjókòó dìde dúró gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí wọ́n sì ti dìde, kò sẹ́ni tó rí ìdí tí òun fi tún máa jókòó. Wọ́n kọ̀yìn sí i, wọ́n ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ọ̀gá, Akọ̀wé àti agbọ̀n.

Wọ́n ti ogójì ilé pa, wọ́n sì ní kí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n Oníyanrìn padà sínú yàrá rẹ̀ kan, kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí Oníyanrìn bá lọ kí i, á tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀ débi pé kò ní gbọ́ ìkíni. Oníyanrìn á jókòó síbẹ̀, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, á padà sílé. Ó dùn ún wọra. Òun ló gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó fi ìka rẹ̀ rán òun níwèé.

Ọ̀gá ní tirẹ̀ kọ̀, kò kúrò nínú ọ́fíìsì tuntun rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń fọwọ́ sí àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá. Akọ̀wé ń bá a pàtẹ́wọ́, nítorí kò mọ ibòmíràn tó lè lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, nínú oòrùn gangan, tí kò sí ìkuukùu kan lójú ọ̀run, àwọn èèyàn gbọ́ ìró kan lápá òkè. Omi yọ. Ó kọ́kọ́ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àlejò, ó pọ́n, ó ń ru ìfófòó, ó ń ti igi wẹ́wẹ́ àti bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan síwájú. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà òun nìyí lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbogbo ìlú tú jáde sí etí odò.

Ọ̀gá yọjú láàárín òpó méjìlá.

"Akọ̀wé," ló wí, "lọ sọ fún un pé mi ò sí ní ọ́fíìsì. Kó padà wá lọ́la."

Akọ̀wé lọ sọ ọ́. Omi kò kọ̀wé béèrè ohunkóhun, kò sì ní sùúrù tí àwọn ará ìlú ní. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Akọ̀wé bá gbé Ọ̀gá kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fẹsẹ̀ la omi tó ti dé ìbàdí rẹ̀ kọjá, gbogbo ìlú ń ké sí i pé kó rọra. Wọ́n dé àárín. Ọ̀gá rí èrò rẹpẹtẹ tí wọ́n dojú kọ ọ́, kò sì lè mú un mọ́ra. Ó na ọwọ́ sókè.

"Mo..." ló bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé fi Ọ̀gá sílẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín létí odò lọ́jọ́ náà, inú ń dùn wọ́n, ìhà sì ń dùn wọ́n. Ọ̀gá kò kú o. Omi kò tíì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó tu ẹrẹ̀ lẹ́nu, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde sí bèbè odò bí gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé ti ṣáájú rẹ̀ jókòó, ó ń fún ṣòkòtò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi.

Oníyanrìn kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lọ́tọ̀, ó ń wo ilé keje. Omi ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, ó ń tú jáde lójú fèrèsé. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ilé yẹn dáa o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n wò ó títí ilẹ̀kùn fi ya, tó sì bá omi lọ.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín."

"O ò sọ ọ́ dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà, ó ka àwọn ọmọ rẹ̀ tó dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó tún wọn kà. Ó wá di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó fún un pinpin débi tó fi ń dùn ún, kò sì fi í sílẹ̀.